Òwú Pupa Lẹ́nu Ewúrẹ́

“Ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́ ni kí ẹ máa jẹ, Ìyá, kí ṣúgà ara yín lè wálẹ̀,” ni nọ́ọ̀sì wí, bó ti ń nu ẹ̀jẹ̀ ìka Ìyá Murielle nù.

“Mò ń jẹ ẹ́. Tẹ̀tẹ̀ tí mo gbé sọ̀kalẹ̀ láti orí òkè wá fún yín lánàá ńkọ́?”

“Mo jẹ ẹ́ tán. Ó dùn!”

Ni ewúrẹ́ nọ́ọ̀sì bá yọjú lẹ́nu ọ̀nà, ó ń jẹ àpọ̀jẹ, òwú pupa tí ìyá náà fi di tẹ̀tẹ̀ rọ̀ dirodiro lẹ́nu rẹ̀.

Ojú gba nọ́ọ̀sì tì.

Ìyá Murielle gbé ìdì tẹ̀tẹ̀ tuntun lé tábìlì, ó sì fi èyí tí òun fẹ́ sè lálẹ́ tì í.

“Èyí kejì yìí fún ewúrẹ́, Nọ́ọ̀sì, kó má baà gba tiyín jẹ mọ́.”