Ilé Kìnìún Elétí Kan

Ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń lẹ táyà ju irin tí wọ́n fi ń yọ táyà sínú àpò ẹ̀yìn rẹ̀, ó ki yíápíìsì bọ etí òsì, ó sì kọrí sí ilé Eyín Wúrà. Etí òsì nìkan ló ń fi í sí. Apá kejì ti kú láti ọjọ́ tí òjò ti pa á.

Ìbọn ló sọ ara rẹ̀. Ọ̀gá rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù ni kò jẹ́ kí orúkọ náà níyì. Ìbọn Onípákó lòun ń pè é, pàápàá níwájú oníbàárà. Ìbọn náà ń kọrin. Nínú orin rẹ̀, ó ní mọ́tò bí ẹni ní bàtà. Ní ṣọ́ọ̀bù, abẹ́ mọ́tò ni wọ́n ti ń bá a.

Eyín Wúrà, gbajúmọ̀ olórin, ló kọ́ ọ lórin, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn ò pàdé rí. Inú fídíò ló ti kọ́ ọ. Eyín Wúrà máa ń dé ìbòjú dúdú, kìkì ojú àti ẹnu ló ń hàn, wúrà á sì máa kọ mọ̀nà lẹ́nu rẹ̀. Ilé alájà kan ló máa ń wà lẹ́yìn rẹ̀, kìnìún olókùúta méjì sì wà lẹ́nu géètì, ọ̀kan nínú wọn ò ní ju etí kan lọ. Nígbà tí ọ̀gá rán Ìbọn lọ pààrọ̀ táyà fún oníbàárà kan ní àdúgbò àwọn olówó, tó gbójú sókè tó rí kìnìún elétí kan tó ń wò ó, ó gbàgbé nọ́ọ̀tì tó ń tú.

Láti ìgbà náà, ó di èrò ibẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó gbé mọ́tò oníbàárà kọ́ sórí jáàkì, ó bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀, ọ̀gá sì ní kó má padà wá mọ́. Ìyá rẹ̀, tó ń ránṣọ, ò pariwo. Ó kàn sọ ọ́ láì gbójú kúrò lára aṣọ pé kílẹ̀ ọjọ́ Àìkú tó ṣú, kó ti lọ bẹ ọ̀gá rẹ̀, tàbí kó wá kó ẹrù rẹ̀. Ìbọn ní ilé kìnìún lòun máa sùn lálẹ́ ọjọ́ náà.

Mẹ́gáàdì ilé náà fi bí ọdún mélòó kan ju Ìbọn lọ. Fúláàsì omi gbígbóná kì í wọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, á máa mu ún díẹ̀díẹ̀, á sì máa sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ bí ẹni tí wọ́n ń ka ọ̀rọ̀ sílẹ̀ fún. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí Ìbọn béèrè Eyín Wúrà, ó rẹ́rìn-ín títí tí omi fi pá a lórí. Ó ní bàbá àgbàlagbà kan ló ni ilé náà, ìyẹn sì rìnrìn-àjò. Ìbọn gbà pé bí àwọn olówó ṣe ń kọ́ mẹ́gáàdì wọn láti dáhùn nìyẹn. Ṣùgbọ́n mẹ́gáàdì gba káàdì tí Ìbọn ká orin rẹ̀ sí, pé kó bá òun fún Eyín Wúrà. Lọ́sẹ̀ kejì, ó dá a padà. Ó ní ohùn rẹ̀ dáa, àmọ́ ta ló pa tó fi ń kọrin ikú báyìí?

Lónìí, ó ṣílẹ̀kùn fún un fún ìgbà àkọ́kọ́, ó ní kó wá sábẹ́ ìbòji. Ó ń fọ bàtà funfun kan, ó ń fi búrọ́ọ̀ṣì eyín họ ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ìbọn mọ bàtà náà. Kò sí fídíò Eyín Wúrà tí bàtà náà kò sí nínú rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, bàtà Eyín Wúrà lẹ̀ ń fọ̀ yìí. Ẹ sì ní kì í gbé níbí."

Mẹ́gáàdì wo bàtà, ó wo Ìbọn. Ó béèrè bóyá wọ́n mọ̀ nílé pé ó wá síbí. Ìbọn ní iṣẹ́ ti bọ́, ìyá òun sì ti fẹ́ẹ́ lé òun. Bí Eyín Wúrà ò bá gba òun lónìí, òun ò níbì kan mọ́.

"Nítorí orin?"

"Nítorí orin."

Mẹ́gáàdì gbé bàtà sílẹ̀.

"Àbúrò, gbọ́. Ẹni tó ò ń wá yẹn ò ní nǹkan kan. Ẹ̀wọ̀n ọrùn rẹ̀ yẹn, bí òjò bá pa á, ọrùn á dúdú ni. Wúrà ẹnu rẹ̀, ó ń yọ ọ́ kó tó jẹun. Kò yìnbọn rí. Bí táyà bá bẹ́ lójú títì, òun ló máa kọ́kọ́ dọ̀bálẹ̀. Irọ́ ló ń pa. Lọ bẹ ọ̀gá rẹ."

Etí ọ̀tún ni ìyẹn gbà wọlé. Ní etí òsì, Eyín Wúrà ń kọrin pé ẹni tó bá jẹun òun tó tún ba òun lórúkọ jẹ́, kí ọmọ òun tòótọ́ bá òun fi irin fọ́ ọ lẹ́nu. Ìbọn ti kọ orin yẹn lórí táyà tí kò lóǹkà. Kò rí ẹni tí wọ́n ń bá wí nínú rẹ̀ rí, àfi lónìí. Ẹni náà rèé, tó ń jẹun ọ̀gá, tó ń fọ bàtà ọ̀gá, tó sì ń fi ọ̀gá ṣẹ̀sín.

"Dúró ná," ni mẹ́gáàdì wí. "Ó ní ohun tí mo fẹ́ fi hàn ọ́. Mi ò fi han ẹnikẹ́ni rí."

Ó wọ yàrá kékeré tó wà lẹ́nu géètì. Nígbà tó jáde, ó mú ọ̀rá dúdú kan dání, ó ti ki ọwọ́ kan bọ inú rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ìbọn ti yọ irin nínú àpò ẹ̀yìn rẹ̀, kò dúró kí ọwọ́ náà jáde. Irin ba mẹ́gáàdì lẹ́nu, ó ṣubú sẹ́yìn, orí rẹ̀ sì bá igun àtẹ̀gùn. Omi inú fúláàsì dà sílẹ̀, ó ń ru èéfín. Mẹ́gáàdì ò mira mọ́.

Ní etí òsì, Eyín Wúrà rẹ́rìn-ín, bó ṣe máa ń rín in lópin orin.

Ìbọn wọ́ ọ sínú yàrá kí ẹ̀jẹ̀ má baà jẹ́ ohun tí onílé máa kọ́kọ́ pàdé. Ó fi ẹsẹ̀ ti ọ̀rá náà tẹ̀lé e, kò wo inú rẹ̀, ó pa ilẹ̀kùn dé. Ìgbà náà ni fèrè mọ́tò dún níta. Ó nu irin mọ́ ṣòkòtò, ó fa kọ́là rẹ̀ gún, ó ro ohun tó máa kọ́kọ́ sọ fún Eyín Wúrà: pé òun ti bá a bá ẹni tó ń bà á lórúkọ jẹ́ wí. Lẹ́yìn náà, ó ṣí géètì gbayawu.

Ọkùnrin kan tó gbé kámẹ́rà kọ́ èjìká sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ jákujàku, kò tilẹ̀ wo ojú rẹ̀ kó tó wí pé, "Àbúrò, jọ̀ọ́, bá mi kan ilẹ̀kùn yàrá yẹn, sọ fún Eyín Wúrà pé kó tètè bọ́ aṣọ mẹ́gáàdì, kó yọ ìbòjú rẹ̀ nínú ọ̀rá dúdú yẹn kó dé e, nítorí ọ̀la ni bàbá onílé ń dé."