Búrẹ́dì Tí Wọ́n Ń Ká Bí Ẹní

Aago mẹ́wàá ààbọ̀ ni Bọ̀dá wọ ilé búrẹ́dì ìyá rẹ̀. Ó fẹ̀yìn ti ààrò, ó sì yára kúrò níbẹ̀.

"O ti dáná sí i?"

"Kó lè gbóná dè wá ni," Kékeré, àbúrò rẹ̀, dá a lóhùn.

Ẹrù Màmá ti wà nínú ọkọ̀. Màmá fúnra wọn ló kù, tí wọ́n jókòó sórí àga onítáyà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì, tí wọ́n ń wo ìta bí ẹni tí kò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ òun là ń sọ.

Ọgbọ̀n ọdún ni Màmá fi ṣe búrẹ́dì nínú yàrá yìí. Ó di ọ̀sẹ̀ méje báyìí tí wọ́n ti ṣubú nídìí ààrò, ọ̀rọ̀ kankan ò sì tíì jáde lẹ́nu wọn láti ìgbà náà. Dókítà ní ahọ́n wọn ò kú, pé ọ̀rọ̀ á padà lọ́jọ́ tó bá wù ú. Bọ̀dá ò lè dúró de ọjọ́ yẹn; ó fẹ́ mú wọn lọ máa gbé ní ilé tirẹ̀. Ó ti bá àwọn tí yóò wá tú ààrò náà sọ̀rọ̀.

"Bí Màmá bá fẹnu ara wọn sọ pé àwọn ò lọ, mi ò ní mú wọn lọ," ó ti sọ fún Kékeré lórí fóònù. "Bí wọn ò bá sọ ọ́, tó bá di aago méjìlá, a ti kúrò níbẹ̀."

Irun ni Kékeré ń ṣe jẹun. Ìyẹ̀fun ti wà ní ìgúnpá rẹ̀ kó tó tú àpò ìyẹ̀fun.

"Kí lo fẹ́ ṣe?"

"Búrẹ́dì tí wọ́n ń ká bí ẹní yẹn, èyí tí gbogbo ayé ń ṣe lórí fóònù. Ṣúgà àti sínámọ́ọ̀nù ni wọ́n ń wọ́n sínú ẹ̀."

"Ìwọ tí o máa ń jẹ́ kí omi lásán jóná?"

"Ẹ ṣáà jókòó, Bọ̀dá. Màmá á jẹ ẹyọ kan kẹ́ ẹ tó gbé wọn lọ."

Ó gbé fóònù ti agolo ṣúgà. Bọ̀dá fẹ́ gbé fìlà rẹ̀ lé orí tíréè kan tí wọ́n fi aṣọ funfun bò lórí kọ́bọ́ọ̀dù. Kékeré ní kó má gbé e síbẹ̀.

Ó da omi tó ń hó lé yíìsì lórí. Ọwọ́ ọ̀tún Màmá gbéra lórí itan, ó sì padà.

"Ṣé bí wọ́n ṣe ní kó gbóná tó nìyẹn?"

"Bó bá gbóná, á yára wú."

Ó bu iyọ̀ ẹ̀kúnwọ́ kan, ó wo Màmá, ó dà á sí i. Ó pò ó mọ́ ìyẹ̀fun, ó ká a, ó sì fi ìdí ife tẹ̀ ẹ́ já lọ́kọ̀ọ̀kan. Ojú fóònù ti ṣókùnkùn tipẹ́; kò tún un tàn. Màmá ń fi ẹsẹ̀ gbá irin àga.

"Kò ní kọ́kọ́ wú ni?" Bọ̀dá bi í.

"Ta ló ráyè?" Ó tì í sínú ààrò.

Nígbà tí aago méjìlá ku ogún ìṣẹ́jú, òórùn jíjó gba yàrá kan. Kékeré ṣí ilẹ̀kùn ààrò, ó wo Màmá, ó tì í. Ó tún ṣí i. Lẹ́ẹ̀kẹta, ó fi í sílẹ̀ gbayawu, ó dúró síbẹ̀, ó ń fọwọ́ fẹ́ ojú ara rẹ̀.

Bọ̀dá dìde. "Ó tó gẹ́ẹ́. O ti bà á jẹ́. Jẹ́ ká máa lọ."

"Ẹ dúró díẹ̀."

"Díẹ̀ wo?"

Ó di àga mú láti ẹ̀yìn, ó tì í síwájú. Kò lọ. Màmá ti di ẹsẹ̀ tábìlì mú.

"Ti ilẹ̀kùn yẹn!"

Ohùn náà há bí irin ilẹ̀kùn tó ti dípẹtà. Bọ̀dá tú ọwọ́ sílẹ̀.

"Ọmọ burúkú! Omi híhó lórí yíìsì! Ta ló bí ẹ gan-an?"

"Ẹ̀yin náà ni, Màmá," Kékeré wí.

"Ààrò tèmi!" Màmá mí kanlẹ̀, wọ́n yíjú sí Bọ̀dá. "Mi ò lọ... síbì kankan."

Kékeré jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó bo ojú, èjìká rẹ̀ sì ń mì. Bọ̀dá náà wá nǹkan tí yóò fi nu ojú tirẹ̀, ó sì fa aṣọ funfun orí kọ́bọ́ọ̀dù: búrẹ́dì kíká méjìlá ló wà lábẹ́ rẹ̀, wọ́n wú dọ́gba, wọ́n pọ́n dọ́gba, wọ́n sì ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́.