Ìsọ̀rí Tó Ṣófo

Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ Sátidé ni Baba Oyèwọlé, olórí ẹ̀ṣọ́, àti àwọn àgbà àdúgbò dá fún Zipporah. Kó mú gbogbo ìwé ọmọ rẹ̀ wá, kó ṣàlàyé ohun tó wà níbẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, wọ́n á fa Olúwafẹ́mi lé ọlọ́pàá lọ́wọ́ pé ọmọ ẹgbẹ́ òkùnkùn ni. Mẹ́ta nínú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti wà ní àhámọ́ ní Òṣogbo láti Wẹ́sìdeè.

Ọmọ kan ṣoṣo tó bí ni Fẹ́mi, lẹ́yìn ọdún mọ́kànlá nílé ọkọ. Láti ọjọ́ tí àwọn ẹ̀ṣọ́ àdúgbò ti já ewé ìwé kan gbà nínú báàgì rẹ̀, oúnjẹ kò lọ lọ́nà ọ̀fun ìyá rẹ̀ mọ́. Ní ọ̀sán Fúráìdeè, ó tú ìwé tó kù sórí tábìlì. Orúkọ ọ̀dọ́kùnrin méjìlá ló wà níbẹ̀. Ó mọ gbogbo wọn, òun ló kọ́ wọn ní A B D. Iye èèyàn tí kálukú pa wà níwájú orúkọ rẹ̀. Àwòrán ọ̀nà Òkè-Ìlá náà wà níbẹ̀, wọ́n fi àmì sí ilé ìpamọ́ kòkó àtijọ́.

"Eré ni, Màmá," Fẹ́mi wí. "Eré orí tábìlì. Ẹnì kọ̀ọ̀kan ní ẹ̀dá tó ń ṣe níbẹ̀, a sì pín wọn sí ìsọ̀rí: jagunjagun, ọdẹ, oníṣègùn, amí. Ohun tí jagunjagun lè ṣe, oníṣègùn kò lè ṣe é. Dáìsì ló ń sọ bóyá èèyàn yè tàbí ó kú."

"Ó kú?"

"Nínú eré, Màmá."

"Ilé kòkó yìí ńkọ́?"

"Ibẹ̀ ni eré ti ń parí."

Zipporah sunkún díẹ̀, ó fi etí ìró nu ojú. Ó wá dìde, ó lọ mú páálí funfun, rúlà, sáàsì, bíírò dúdú àti pupa. Ó ní ìwé jákujàku yìí ló ń ba ọmọ òun lórúkọ jẹ́. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fi ṣe tíṣà ní Ìlá. Lọ́dọọdún ló máa ń pín àwọn ọmọ sí ilé pupa àti ilé àwọ̀ ewé fún eré ìje, kò sì sí ilé tó ṣófo rí.

Ó fa ìlà ìsọ̀rí sórí páálí, ó ń to orúkọ sábẹ́ wọn, Fẹ́mi ń gé káàdì. Jagunjagun mẹ́rin, ọdẹ mẹ́ta, oníṣègùn méjì, amí mẹ́ta. Ó kọ orúkọ sí iwájú káàdì kọ̀ọ̀kan, ó kọ ìsọ̀rí sí ẹ̀yìn, ó sì ń fa ìrù gígùn sábẹ́ lẹ́tà tó gbẹ̀yìn bó ti máa ń ṣe lójú pátákó. Nígbà tó dé ìsọ̀rí karùn-ún, ọwọ́ rẹ̀ dúró. Ọ̀dàlẹ̀ ni wọ́n kọ sórí rẹ̀, kò sí orúkọ kankan lábẹ́.

"Ta ló wà níbí?"

"A ò tíì mọ̀ ọ́n, Màmá."

"Ẹ ò tíì mọ̀ ọ́n, eré tí ẹ fọwọ́ ara yín ṣe? Ìbéèrè tí Baba Oyèwọlé máa kọ́kọ́ bi mí nìyẹn!"

"Ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀."

"Mi ò fi í sílẹ̀. Tí mo bá ṣìṣe lọ́la, wọ́n á mú ọ lọ." Ó fi ìka tọ àwọn orúkọ náà wálẹ̀. "Amí mẹ́ta ti pọ̀ jù. Jẹ́ kí n fi Kọ́lájọ síbẹ̀. Ọmọ jẹ́jẹ́ ni, kò ní bínú. Nígbà tí ibà dá mi dùbúlẹ̀, ṣebí òun ló ń pọnmi fún mi. Baba Oyèwọlé náà fẹ́ràn rẹ̀. Bí mo ṣe ń ti ìpàdé àdúrà bọ̀, mo rí i tó ń gba ẹ̀yìnkùlé Baba jáde."

"Ọjọ́ wo nìyẹn?"

"Túsìdeè. Kí ló kàn ọ́ níbẹ̀? Ṣé kí n kọ ọ́?"

Fẹ́mi gbọn ìdọ̀tí páálí kúrò lórí itan rẹ̀. "Ẹ kọ ọ́, Màmá."

Ó fi bíírò pupa kọ Kọ́lájọ síbẹ̀ lórí páálí, ó sì fi í kọ ọ̀dàlẹ̀ sí ẹ̀yìn káàdì tuntun tó fi rọ́pò ti Kọ́lájọ.

Lọ́jọ́ Sátidé, Baba Oyèwọlé jókòó pẹ̀lú àgbà márùn-ún nínú gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì. Ohùn tíṣà ni Zipporah fi ṣàlàyé. Baba wo páálí náà títí.

"Kí niṣẹ́ ọ̀dàlẹ̀ yìí?"

"Kò níṣẹ́, sà," Fẹ́mi dáhùn. "Àwọn yòókù ló ń wá a."

"Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n, Baba," Zipporah yára gbà á lẹ́nu rẹ̀. "Ẹni tó bá dalẹ̀, á bálẹ̀ lọ."

Àwọn àgbà rẹ́rìn-ín. Baba ju dáìsì, ó bọ́ sí mẹ́fà, wọ́n fi í ṣe oníṣègùn, inú rẹ̀ dùn bí ọmọdé. Kọ́lájọ tó ń to àga bẹ̀rẹ̀ wo páálí náà. Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní ẹnìkan ń dúró de òun ní ṣọ́ọ̀bù tí òun ti ń tún fóònù ṣe, ó sì jáde.

"Tíṣà, ẹ máa mú ọmọ yín lọ," ni Baba Oyèwọlé wí. "Ẹ má bínú sí wa. Àwọn mẹ́ta tó wà ní Òṣogbo náà á ti dé kó tó dalẹ́ ọ̀la."

Zipporah kúnlẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀, ó ń pe orúkọ Ọlọ́run. Fẹ́mi fi fóònù rẹ̀ ya fọ́tò páálí náà, ó ní kí àwọn yòókù lè mọ ibi tí kálukú wà.

Nígbà tí wọ́n délé, Zipporah ka àwọn káàdì kó tó kó wọn pamọ́. Mọ́kànlá ni. Ó ní bóyá atẹ́gùn ló gbé ọ̀kan lọ lórí ọ̀kadà, ó sì gé òmíràn, ó kọ ọ́ bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, nítorí kò fẹ́ kí ìsọ̀rí kankan ṣófo.

Ní àárọ̀ Mọ́ńdè, àgbẹ̀ kan tó ń lọ sóko bá òkú Kọ́lájọ lẹ́yìn ilé ìpamọ́ kòkó lọ́nà Òkè-Ìlá, káàdì kékeré kan wà nínú àpò ẹ̀wù rẹ̀ tí wọ́n fi bíírò pupa kọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo sí ẹ̀yìn rẹ̀, kò sì sí ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́ tó sáré débẹ̀ tí kò mọ ọwọ́ ìkọ̀wé tíṣà wọn.