Ẹsẹ̀ Tó Ń Wọ́ Nílẹ̀

"Mo ti tilẹ̀kùn, Bàbá. Ẹ bọ́ síwájú," ni géńdé àlejò kan wí.

Bàbá, olùkọ́ ìjà kọnfú, rẹ́rìn-ín. Àwọn géńdé bẹ́ẹ̀ kì í wọ́n ní gbọ̀ngàn rẹ̀, àwọn tó fẹ́ fi lílu àgbàlagbà gbayì. "Ọmọ mi, ṣé ìyá rẹ mọ̀ pé o jáde?"

"Àwọn ló bá mi lọ aṣọ tí mo wọ̀. Ẹ múra, sà."

Àlejò náà rẹ ara sílẹ̀ bí ẹni tó jókòó lórí ẹṣin, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í yí i po. Ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ ń lọ geere, ṣùgbọ́n kí tòsì tó yí, á kọ́kọ́ wọ́ nílẹ̀ díẹ̀.

Bàbá tẹjú mọ́ ẹsẹ̀ náà. Kò sí ẹni tó ń kọ́ni pé kí ẹsẹ̀ máa wọ́. Ṣùgbọ́n bí olùkọ́ bá ti gbẹ́sẹ̀ ni akẹ́kọ̀ọ́ ń gbé e, tàbùkù tàbùkù. Ẹnì kan ṣoṣo ló sì mọ̀ tó ń gbẹ́sẹ̀ báyìí: ọmọkùnrin rẹ̀, tí òun fúnra rẹ̀ ta nípàá lórúnkún níbi ìdánrawò títí eegun fi fọ́. Láti ọjọ́ tó ti tiro jáde nílé ni wọn ò ti gbúròó rẹ̀ mọ́.

Bàbá sọ ọwọ́ méjèèjì kalẹ̀. Omi lé ròrò sójú rẹ̀.

"Ó wà láàyè? Jọ̀ọ́, ọmọ mi, ibo ló wà?"

"Olùkọ́ mi wà nínú ọkọ̀ níta. Wọ́n ní kí n kí yín." Àlejò náà kò dẹ́kun yíyí i po. "Wọ́n ní orúnkún ni kí n ti bẹ̀rẹ̀."