Òkè Tó Ti Kú

Onímọ̀ òkúta fi òòlù lu àpáta dúdú tó wà ní ẹ̀yìnkùlé, ó sì tẹ́tí sí i bíi dókítà tó ń gbọ́ àyà aláìsàn. Ìyá ìyàwó rẹ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, ó ń wò ó. Láti ìjẹta tí màmá ti kó wá sínú ilé tí àna rẹ̀ kọ́ fún un yìí, kò tíì tú àpótí ẹrù rẹ̀.

"Màmá, òótọ́ ni pé òkè tó wà lẹ́yìn ilé yìí pọ iná rí. Òkúta yíyọ́ tó ṣàn jáde nínú ẹ̀ ló dì, tó di àpáta yìí. Àmọ́ ó ti kú kí ẹnikẹ́ni tó dáyé."

"Ó dá yín lójú?"

"Bí mo ṣe mọ orúkọ mi. Iṣẹ́ mi rèé, mà."

Ọkàn màmá balẹ̀ wàyí. Ó wọlé lọ tú àpótí, ó to aṣọ rẹ̀ sínú kọ́bọ́ọ̀dù, ó sì fi táwẹ̀lì kọ́ èjìká jáde.

"Ẹ ṣeun, àna mi. Ẹ sì tún ṣeun ti omi gbígbóná yẹn."

"Omi gbígbóná wo, mà?"

"Ti inú kànga. Mi ò tíì gbé omi ìwẹ̀ kaná látìgbà tí mo ti dé. Ṣé ẹ̀rọ lẹ rì sísàlẹ̀ ibẹ̀ ni?"

Onímọ̀ òkúta gbé òòlù sílẹ̀ jẹ́jẹ́, bí ìgbà tí ọmọ jòjòló ń sùn nítòsí. Ó wọlé, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kó aṣọ màmá padà sínú àpótí.

"Níbo là ń lọ?"

"Ẹ ṣáà máa bọ̀, mà."

"Ẹ jẹ́ n sáré wẹ̀ ná. Ti òní gbóná ju ti àná lọ."