Pásípọ́ọ̀tù Màmá

Níwájú káńtà pápákọ̀ òfurufú, Màmá ń tú báàgì rẹ̀ fún ìgbà kẹta.

"Ṣebí àná ni mo fi pásípọ́ọ̀tù yín lé yín lọ́wọ́?" ni Bọ̀dá Ṣójà, àkọ́bí rẹ̀, wí. Òun ló ń tọ́jú ìwé gbogbo ilé.

"Bọ̀dá Ṣójà, ẹ ò bá ti bá wọn mú un dání," ni àbúrò rẹ̀ obìnrin wí.

"Má bá a wí. Èmi ni mo gbàgbé." Omi ń bọ́ lójú Màmá. "Ẹ máa lọ. Ẹ sọ fún ẹ̀gbọ́n mi tó wà lórí ibùsùn àìsàn pé kó dúró dè mí."

Ó dì mọ́ àkọ́bí rẹ̀. "Ìwọ ti ṣe tìrẹ, ọmọ mi."

Àkọ́bí ò lè wò ó lójú.

Fọ́tò pásípọ́ọ̀tù tó wà nínú fóònù rẹ̀ ló fi ra tíkẹ́ẹ̀tì Màmá, kò wo ọjọ́ tó máa parí. Òwúrọ̀ òní ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí pásípọ́ọ̀tù náà nínú báàgì Màmá, tó rí i pé ọjọ́ ìlò rẹ̀ ti kọjá láti oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, tó sì tì í bọ àpò kóòtù ara rẹ̀.