Màálù Mẹ́wàá Inú Àwòrán Gillis

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ka ìtàn yìí dé ìdajì kí ẹ pa á tì. Ẹ kà á tán, nítorí ibi tó dùn mí jù wà ní ìparí.

1.
Ní ilẹ̀ Flanders ní Yúróòpù, lẹ́bàá odò Leie, àgbẹ̀ kan wà tó ń jẹ́ Gillis Devroe. Màálù mẹ́fà ló ní. Wàrà wọn ni òun, Livina ìyàwó rẹ̀, Mayken àkọ́bí wọn àtàwọn ọmọ yòókù ń mu, bọ́tà wọn ni wọ́n sì ń gbé lọ sọ́jà. Ọlọ́run ṣe é fún un. Ṣùgbọ́n ṣekárími ni Gillis.

Ó ránṣẹ́ pe Ọ̀gá Balduin, ayàwòrán láti ìlú Gent, pé kó wá ya ilé òun, odò, àti màálù òun lórí pápá. Ó fẹ́ gbé e kọ́ sí pálọ̀ bíi tàwọn ìjòyè, kí gbogbo abúlé máa wá wò ó. Aṣọ ọ̀gbọ̀ tí Livina fi gbogbo ìgbà òtútù hun ni wọ́n máa fi san án.

Balduin jókòó sétí pápá, ó wo àwọn ẹran náà.

"Bàbá, mẹ́fà kéré síbi tó fẹ̀ báyìí o. Mẹ́wàá ló máa bá a mu. Ṣùgbọ́n ẹ má da ara yín láàmú, mo lè fi orí ya mẹ́rin tó kù. Bá a ṣe ń ṣe é nìyẹn."

Gillis yarí. "Kẹ́ ẹ ya irọ́ sí pálọ̀ mi? Ìwo làwọn ará ibí fi ń dá màálù mọ̀. Wọ́n á ní màálù ta nìyẹn! Ẹ fún mi dọjọ́ Ajé. Màálù tó ń mí lẹ máa yà."

Irọ́ ló lóun ò fẹ́ o!

2.
Opó kan wà nítòsí, Petronella lorúkọ rẹ̀. Màálù kan ṣoṣo ló ní.

"Ìyá, ẹ yá mi ní màálù yín fún ọjọ́ mẹ́ta."

"Ẹran tèmi náà máa wọnú àwòrán?" Ìyá àgbà rẹ́rìn-ín. "Máa mú un lọ, ọmọ mi. Ṣùgbọ́n bá mi tọ́jú ẹ̀ o. Òun nìkan ni mo ní láyé yìí."

Ó ku mẹ́ta. Pauwel, àbúrò Livina, ní màálù, àmọ́ òdìkejì odò ló ń gbé, àrùn màálù sì ti wà lọ́hùn-ún láti Ọdún Àjíǹde. Ìjọba ti kà á léèwọ̀ pé ẹran kankan ò gbọdọ̀ sọdá odò. Ilé tí àrùn bá wọ̀, wọ́n á di koríko gbígbẹ mọ́ ọ̀pá, wọ́n á nà án sókè lẹ́nu ọ̀nà.

Livina bẹ̀ ẹ́. "Bàbá Mayken, má lọ. Àrùn wà lọ́hùn-ún."

"Kò tíì dé ọ̀dọ̀ Pauwel."

"Ta ló sọ fún ẹ?"

"Ìwọ sáà máa po bọ́tà ẹ."

Lọ́jọ́ Ìsinmi, nígbà tí gbogbo abúlé wà ní ṣọ́ọ̀ṣì, Gillis gba ibi tí odò ò ti jìn sọdá. Bó ṣe ku díẹ̀ kó dé ilé Pauwel, ó rí ọ̀pá kan lẹ́nu ọ̀nà ilé kejì, pẹ̀lú ìdì koríko lórí rẹ̀. Ó dúró, ó wò ó títí. Lẹ́yìn náà ló tẹ orí ba, tó kọjá lọ.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣẹ́ ẹ rí koríko ilé kejì?" Pauwel bi í.

"Mo rí i. Ọjọ́ mẹ́ta péré ni mo fẹ́ lo mẹ́ta nínú màálù ẹ."

Pauwel tú mẹ́ta fún un, Gillis sì dà wọ́n gba inú odò wá sílé.

3.
Ọjọ́ méjì àkọ́kọ́ dùn. Màálù mẹ́wàá ń jẹ pa pọ̀, wọ́n ń mu omi kan náà. Lọ́jọ́ kẹta, omi bẹ̀rẹ̀ sí í dà lójú ọ̀kan lára ti Pauwel.

"Bàbá, eléyìí ń sunkún o," Balduin sọ.

"Eṣinṣin ni."

Gillis fa aṣọ yọ, ó nu ojú ẹran náà kí iṣẹ́ lè parí. Aṣọ yẹn náà ló fi nu ẹnu màálù Petronella, kó lè mọ́ nínú àwòrán. Nírọ̀lẹ́, ó dá ti Pauwel àti ti Petronella padà, Balduin sì lọ sí Gent láti lọ fi ọ̀dà kun àwòrán náà.

4.
Lọ́jọ́ kẹjọ lẹ́yìn náà, màálù Gillis kan kọ koríko. Nígbà tó di ọjọ́ kejì rẹ̀, wọ́n ti di mẹ́ta. Ojú wọn ń ṣomi, imú wọn ń rùn. Kí oṣù tó parí, mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ti kú. Ti Petronella kú. Pápá kan náà ni gbogbo abúlé ń lò, nítorí náà àrùn náà ò dá ilé ẹnì kankan sí. Wọ́n gbẹ́ kòtò ńlá, wọ́n sì fi ọ̀bẹ ya awọ ẹran kọ̀ọ̀kan kí wọ́n tó sin ín, kí ẹnikẹ́ni má baà hú u tà.

Livina dúró létí kòtò. "Bàbá Mayken, o rí koríko lórí ọ̀pá àbí o ò rí i?"

Gillis ń wo inú kòtò. "Mo rí i."

Livina kẹ̀yìn sí i, ó sì lọ sílé.

5.
Nígbà tí ewé ń rẹ̀, àwòrán dé. Ó rẹwà débi pé ó ń bani lẹ́rù. Gillis fẹ́ jó o níná, ṣùgbọ́n ẹnì kan kan ilẹ̀kùn. Petronella ni.

"Wọ́n ní màálù mi wà níbí."

Báwo ló ṣe fẹ́ lé e? Ìyá àgbà wọlé, ó wá a títí ó fi rí i. "Òun nìyí. Wò ó bó ṣe sanra." Kò bú u, kò ṣépè. Ó ní kí wọ́n fún òun ní àpótí, ó sì jókòó. Nígbà tó fẹ́ lọ, ó ní, "Ọmọ mi, jọ̀ọ́, má gbé e kúrò. Màá máa wá wò ó lọ́jọọjọ́ Ìsinmi."

Ó sì ń wá. Gillis ló ń ṣílẹ̀kùn fún un, òun ló ń gbé àpótí fún un, á sì dúró sẹ́yìn rẹ̀ títí yóò fi wò ó tán.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ kà á débí, mo bẹ̀ yín. Bí ẹ bá ti fi ojú ara yín rí àmì ewu, ẹ má tẹ orí ba kẹ́ ẹ kọjá. Ẹ má sọ pé ọjọ́ mẹ́ta péré ni. Ohun tẹ́ ẹ sì fẹ́ yá fi ṣe àṣehàn, ó lè jẹ́ gbogbo ohun tí ẹlòmíì ní láyé. Ẹ fi ránṣẹ́ sí ṣekárími tẹ́ ẹ mọ̀. Bó bá sì jẹ́ ẹ̀yin fúnra yín ni, ẹ tún un kà.